Ibà Tó Ń Gba Ìsinmi

Ẹ̀rín la fi ń ka pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò wa: "IBÀ Ń BỌ̀ LÓNÌÍ. Ẹ PADÀ WÁ LỌ́LA."

Ọkùnrin náà ò purọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó ti ìrìn àjò dé ni ibà tó ti ṣe é níbi tó lọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bó bá dé lónìí, á fo ọ̀la, á tún dé lọ́túnla. Aláwàdà sì ni, ló bá fi ibà ṣètò iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ wá gẹ irun. Òun ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn, orúkọ yẹn ò sì bí i nínú.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ọ̀sán ni àlejò mi máa ń dé," ni onígbàjámọ̀ wí.

Àlejò ò dúró dọ̀sán. Ó ku ìdajì orí nígbà tí ibà dé, tí ẹ̀rọ ìgẹrun bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè, etí mi!" Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ fò dìde. "Kí lò ń lò sí ibà yìí?"

"Oògùn tí wọ́n fún mi lọ́hùn-ún tí mo rìnrìn àjò lọ, nígbà tó kọ́kọ́ ṣe mí. Ibà ni ibà ń jẹ́, Àǹtí. Èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa."

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bá a wí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ di opó."

Àǹtí Ẹ̀jẹ̀ kọjú sí ọkọ. "Ṣé o ti lọ sọ fún dókítà pé o rìnrìn àjò?"

"Kí ló kan ìrìn àjò oṣù mẹ́rin sẹ́yìn nínú ibà tòní?"

"Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n! Kòkòrò ibà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Irú kan wà tó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé, bí oògùn bá lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan á ti sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, wọ́n á máa sùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá jí, ibà dé nìyẹn. Dìde, ó yá!"

Bó ṣe fi ìdajì orí wọ́ onígbàjámọ̀ la àdúgbò kọjá lọ sílé ìwòsàn nìyẹn. Àwa tá a rí wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi awò tó ń mú kòkòrò tóbi wò ó dáadáa. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Èyí tó ń sùn sẹ́dọ̀ ni."

Dókítà tún yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò bóyá oògùn tó ń pa àwọn tó ń sùn sẹ́dọ̀ ò ní pa á lára, kó tó fún un. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́ títí ó fi lò ó tán.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ibà ò yà síbẹ̀ mọ́. Lánàá mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù, inú mi dùn dọ́ba.

Ẹ̀yin ará, bí ara yín bá gbóná lẹ́yìn ìrìn àjò, bó tilẹ̀ ti pẹ́ lóṣù mélòó kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi oògùn àtijọ́ dán an wò. Ẹ béèrè irú kòkòrò tí wọ́n rí, kí ẹ sì lo oògùn yín pé. Pabanbarì rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti dé. Dókítà kì í ṣe aríran. Ẹnu yín ló ti máa gbọ́ ọ.