Owó Ẹyọ tí Bàbá Gbé Lọ sí Sàréè

Agogo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa kò dún nígbà tí ọkùnrin náà wọlé. Agogo tí ológbò lásán ń fara kàn tó ń pariwo bí ẹni pé olè dé! Mo gbójú sókè, mo rí i tó dúró níwájú ọkọ mi. Ó fi aṣọ bo ojú dé imú, ó di ọwọ́ ọ̀tún pọ̀ gírígírí. Ọ̀sán gangan sì ni.

Owó ẹyọ àtijọ́ la máa ń yẹ̀ wò fún àwọn èèyàn, ká lè sọ èyí tó jẹ́ fàdákà ojúlówó àti èyí tó jẹ́ bàbà tí wọ́n kàn fi fàdákà bò. Bàbá ọkọ mi ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa. Bàbá Elétí ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ní owó fàdákà kan tó dá a lójú, tó fi ìṣó sàmì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò ju ìyẹn sórí òkúta, yóò ju tìrẹ tẹ̀ lé e, yóò sì tẹ́tí. Ojúlówó á dún lọ gbọọrọ. Ayédèrú á dún "kọ́", ó parí. Nígbà tí Bàbá ń kú lọ, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ, pé ká fi owó yẹn sí òun lọ́wọ́ ká tó sin òun. Ọkọ mi ló fi í sí i lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, tẹkúntẹkún.

Ọkùnrin náà la ọwọ́, ó gbé owó kan kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ojúlówó ni?"

Mo sún mọ́ wọn. Owó náà ń dán ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Létí rẹ̀, ìbòrí fàdákà ti bó, bàbà pupa ti yọjú. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá pàápàá á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àmì ìṣó Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ tútù sì wà nínú àmì náà.

Mo wo ọkọ mi. Òógùn ti bò ó.

"Ojúlówó ni, sà," ọkọ mi dáhùn.

"Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?"

"Ó dá mi lójú."

Ọkùnrin náà rọra gbé owó náà sí etí òsì. Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn, torí etí ọ̀tún rẹ̀ ti di láti kékeré. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbórí sókè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Agogo kò dún. Owó bàbà yẹn nìkan ló wà lórí tábìlì.

"Kí lẹ ṣe fún Bàbá yìí?" mo béèrè.

"Ayédèrú tí mo sàmì sí ni mo fi sí i lọ́wọ́. Ká ní mo sin tòótọ́ mọ́ ọn, kí ni ǹ bá máa fi dán tàwọn èèyàn wò?" ló wí. "Òkú ò kúkú ní ṣọ́ọ̀bù."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò tó ń tọ́jú owó tòótọ́ náà sí. Ọwọ́ rẹ̀ jáde lófìfo.

Ojú tì mí. Ojú tì mí fún un, ó tì mí fún àwọn ọmọ wa, ó tì mí fún gbogbo ẹkún tí a sun lójú sàréè. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí ni ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà bí owó ayédèrú, kò dún kan ògiri. Òun náà gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá àwọn ọmọ, tẹ́tí sí mi dáadáa. Ṣé ojúlówó ṣì ni èmi náà?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kí ni ǹ bá sọ?

"Ojúlówó ni yín," mo wí.

Ohùn tèmi náà dún "kọ́".