Ṣìkẹ́mi Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Lóòró ni ọmọbìnrin náà wà tó ń sùn. Ìwé orin ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń bá ìjọ kọrin. Akínṣọlá, akọ̀wé iléeṣẹ́ kan ní Bompai lápá àríwá, gbàgbé orin tirẹ̀. Kò rí ẹni tó ń sùn tó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìsìn parí, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú oorun o, sìsítà."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo hanrun ni?"

"Rárá o. Ẹ kàn ṣe 'Àmín' láàárín ẹsẹ kejì ni."

Ṣìkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Ọdún tó ṣáájú òmìnira nìyẹn, láti ọjọ́ náà sì ni bọ́tìnnì ẹ̀wù Akínṣọlá ti ń já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Yàrá tóóró kan ní Ibo Road ni ṣọ́ọ̀bù Ṣìkẹ́mi. Kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ ìlọta ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, páànù orí rẹ̀ sì ń gbóná bí agbada alákàrà. Ilé tó ń sùn ńkọ́? Ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì ni, níbi tí wọ́n ti ń fun fèrè títí àkùkọ fi ń kọ. Bàbá rẹ̀ rò pé ibà ló ń mú un sùn kiri, ó ń fún un lágbo. Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Akínṣọlá mú un lọ kí ìyá tirẹ̀. Ìyá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ṣìkẹ́mi gbórí lé apá àga, ó sùn lọ fọnfọn. Ìgbà tó máa jí, ohùn ìyá ló ń gbọ́ láti ilé ìdáná.

"Akin, ọ̀lẹ lo gbé wá. Èyí tó ń sùn lójú ìyá ọkọ, ta ni yóò dáná fún ẹ? Mi ò fẹ́!"

Omijé lé ròrò sójú Ṣìkẹ́mi. Nígbà tí Akínṣọlá bá a lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má wá mọ́, bùọ̀dá. Òótọ́ ni Màmá sọ."

"Irọ́ ni, adúmáradán mi. Èmi tí mo máa ń jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣe ni gbogbo ara mi máa ń rọ bí iyán inú odó, tí oorun á sì máa kùn mí."

Ṣìkẹ́mi kọ̀yìn sí i. Ó ń lọ.

Akínṣọlá kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó bẹ̀ ẹ́ ni. "Màmá, ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá ṣì ní ọ̀lẹ ni, mo gba kámú."

Ìyá, tí kì í jẹ́ kí ìrìn òun já sófo, gbé aṣọ ìkórè rẹ̀ dání. Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ kí i, ó wọn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Ẹ̀rọ ń ké. Èéfín àti ata gba inú yàrá. Ìyá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́, títí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí Ṣìkẹ́mi máa gbójú sókè, ìyá ti ń hanrun!

Kò jí i. Ó mú abẹ̀bẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń rọra fẹ́ ẹ.

Ìyá ta gìrì. "Orí mi o! Kí ló ṣe mí?" Ó wo ògiri yíká, ó wo ọmọ tó ń fẹ́ ẹ. "Ibí lo ń jókòó sí lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọdún kẹta rèé."

"Haba! Èmi ni mo pè ọ́ lọ́lẹ. Má bínú, ọmọ mi. Ó yá, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá ìyá. Ìyá tún lọ bá bàbá Ṣìkẹ́mi, wọ́n sì gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà lọ sí yàrá iwájú, níbi tí fèrè hòtẹ́ẹ̀lì kò dé. Kò pẹ́ tí ojú Ṣìkẹ́mi fi mọ́ kedere, ara rẹ̀ yá gágá. Bí Akínṣọlá bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀rín Ṣìkẹ́mi àti ìyá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó tì í. "Ṣìkẹ́mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó fi eyín já òwú. "Ẹ ti pẹ́ jù. Màmá ti bi mí láàárọ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"O ti gbọ́ ọ báyìí, olólùfẹ́ mi."

Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ Akínṣọlá. "Mo gbà, ọkọ mi."

"Madalla! Ó dára o!" ni ìyá ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń jó bọ̀.