Oògùn Ojoojúmọ́ Tí Oyèbísí Pa Tì

Oyèbísí ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán, bẹ́ẹ̀ kàlẹ́ńdà ló jókòó tó ń dì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Fáànù ń fẹ́ o! Oògùn tí wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún látìgbà tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ló ń mú ara rẹ̀ gbóná bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Fareedah, aládùúgbò rẹ̀ ní Bàrígà, ti yà kí i. Ọsibítù kan náà ni wọ́n ti jọ gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ, irun wọn sì jọ re ni. Wàyí o, irun Fareedah ti hù, ó ti dì í ní ṣùkú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì Tóbi."

"O ṣeun. Oògùn tìrẹ kì í mú ọ làágùn ni?"

"Èmi? Wọn ò fún mi ní oògùn mọ́. Àyẹ̀wò nìkan ni mò ń lọ ṣe."

Háà! Ìlara gba Oyèbísí lọ́kàn. Kí ni Fareedah fi sàn jù ú lọ? Ọmọ iṣẹ́ méjì tó jọ bẹ̀rẹ̀, ṣebí wọ́n jọ ń ṣe fúrídọ̀mù ni? Èwo ni kí ọ̀kan máa lọ, kí èkejì tún fi ọdún márùn-ún sìn? Àbí Fareedah mọ ẹnì kan ní ọsibítù ni?

Ọjọ́ náà gan-an ló ju oògùn sísàlẹ̀ àpótí. Oṣù mẹ́ta ni kò fi lò ó. Ooru náà lọ lóòótọ́, ó ní òun náà ti gba fúrídọ̀mù.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ó bá Fareedah lórí ìjókòó ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Dọlápọ̀ bi Oyèbísí bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀.

"Mo ti dá a dúró. Ṣé Fareedah ń lò ó ni?"

Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. "Yéè! Mọ́mì, ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró? Ìka ò dọ́gba, jẹjẹrẹ náà ò dọ́gba. Tiyín, èròjà ara tó ń mú obìnrin ṣe nǹkan oṣù ló ń bọ́ ọ. Oògùn yẹn ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù má baà tún gbérí. Tí ooru bá ń dà yín láàmú, àwa ni kẹ́ ẹ wá sọ fún."

"Fareedah wá ńkọ́?"

Fareedah fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Irú tèmi ò gbọ́ oògùn yẹn, Mọ́mì. Kò sí èyí tí mo lè máa gbé mì nílé kó má padà wá. Tí mo bá rí i tí ẹ ń lo tiyín, mo máa ń jowú yín."

Oyèbísí ò lè gbójú sókè. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí kókó kankan, ṣùgbọ́n ó ní kó lọ ya àwòrán inú ọmú rẹ̀, kó sì padà sídìí oògùn rẹ̀ kíá.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi ìtọ́jú ẹlòmíì wọn tiyín. Tí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó dá a dúró. Ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, kódà bí ara bá le. Tí ọwọ́ yín bá kan kókó tuntun ní ọmú tàbí abíyá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Ní báyìí, àràárọ̀ ni Fareedah ń pe Oyèbísí lórí fóònù: "Mọ́mì, ṣé ẹ ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, ọmọ mi. Mo tiẹ̀ ti ń làágùn."