Abẹ́rẹ́ Méjì Lókè Ilẹ̀kùn

Inú kòtò omi oko ni wọ́n ti bá òkú Celedonio, ẹni tó ń pín omi fún gbogbo Cañada Honda. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi inú kòtò náà kò mu ọrùn ẹsẹ̀. Ní abúlé orí òkè New Mexico yìí, ikú tí kò bá ní àlàyé, wọn á wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti ní òwìwí ké lẹ́yìn ilé Domitila, àti pé Eloísa ọmọ rẹ̀ ni òwìwí náà.

Eloísa ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Wárápá ń gbé e ṣubú láti kékeré, kò lọ́kọ, kò lọ́rẹ̀ẹ́, tí wọ́n bá sì kí i, ilẹ̀ ló máa ń wò títí ẹni tó kí i á fi bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀wà tó rọ lóko, wọ́n á ní òun ló fà á. Ọmọ tó ń húkọ́, òun ni. Ó ti rẹ Domitila, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ta ni yóò gba ọmọ yìí mọ́ra lọ́jọ́ tí òun bá kú.

"Má lọ síbi àìsùn òkú yẹn," ó bẹ̀ ẹ́. "Ẹnu wọn ò dáa."

"Mo máa lọ, Màmá. Celedonio nìkan ló máa ń dúró gbọ́ èsì mi tó bá kí mi."

Wọ́n jọ lọ.

Genoveva, àbúrò opó Celedonio, ti ṣáájú wọn dé ilẹ̀kùn ilé òkú. Ó fi abẹ́rẹ́ méjì há igi òkè rẹ̀, ó fi ọ̀kan dábùú èkejì. Tọmọdé tàgbà ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: àjẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò ní lè gba ibẹ̀ jáde.

Nígbà tí àdúrà parí, ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ ń ta sánsán lágbàlá. Gbogbo wọn tú jáde, wọ́n fa opó pàápàá lọ́wọ́ jáde, wọ́n wá kọjú sí ilẹ̀kùn. Eloísa nìkan ni kò jáde.

"Ìyá Eloísa," Genoveva ní, "ṣé ẹ rí i báyìí? Àbí wárápá náà la ṣì máa pè é?"

"Genoveva, ọmọ mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ó mọ̀ ọ́n wọ̀, kò mọ̀ ọ́n jáde. Ẹ bá mi pe Juan."

Ẹni tó bá ń jẹ́ Juan nìkan ló lè mú àjẹ́ níbẹ̀. Juan tó wà nítòsí jẹ́ bàbá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé. Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sódì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó mú igi tí yóò fi fa ìlà róbótó yí ọmọbìnrin náà ká. "Ẹ má bínú, ìyá," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi lórúkọ."

Domitila tẹ̀ lé e wọlé. "Eloísa, dìde ká máa lọ."

"Rárá, Màmá."

Ká sọ tòótọ́, Domitila náà gbà á gbọ́ díẹ̀ pé àjẹ́ ni ọmọ òun, ó tilẹ̀ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí àjẹ́ ṣeé mú, àìsàn tí kò gbóògùn ni kò ṣeé mú. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í.

"Kí ló dé tí o ò lè jáde?"

"Mo lè jáde." Ilẹ̀ ló ń wò, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Gbogbo yín lẹ lọ. A kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Àwọn tó kún ẹnu ọ̀nà gbọ́ ọ. Kò sí àgbà kan nínú wọn tí kò mọ òfin yẹn; ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ti gbàgbé òkú. Opó já wọn kọjá, ó ń sunkún.

"Àìsàn ọkàn ló ń ṣe ọkọ mi," ó ní. "Dókítà ti sọ fún wa. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n má sọ, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ omi lọ́wọ́ òun." Ó fa àga, ó jókòó ti Eloísa, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Genoveva nawọ́ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó bá ẹ̀yìn ilé lọ.

Domitila náà fẹ́ fa àga. "Ẹ lọ jẹun," opó wí fún un. "Ọmọ yín ń bẹ lọ́dọ̀ mi."

Domitila jáde, ó bu ọbẹ̀, ó jókòó sídìí ògiri. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó mọ̀ pé òun ń sunkún.