Ìyá Àníkẹ́ Jókòó Níwájú

"Mọ́tò yín yìí ti kírun ju lemọ́ọ̀mù lọ," ni Kabir wí. "Gbogbo òkúta tó bá rí lọ́nà ló ń forí kanlẹ̀ fún."

Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ rẹ́rìn-ín. Hafeez ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo píkọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Iwájú mọ́tò náà ti wálẹ̀. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, mo ń gbọ́ wọn, àmọ́ n kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo pè é.

Mọ́tò yẹn la fi ń kó iṣu wá láti Ìresà. Òun ló ń bọ́ wa, òun ló ń rán Hafeez níléèwé. Kíláàsì tó kẹ́yìn ló wà, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń wà á fún mi. Ọ̀nà oko yẹn kò dára, abẹ́ mọ́tò ń ha ilẹ̀. Saifudeen, mẹkáníìkì wa, ní sípíríǹgì iwájú ti rẹ̀, ká ra òmíràn. Agbára wa kò ká a.

"A lè gé irin páìpù, ká fi lé sípíríǹgì lórí," ó ní. "Yóò gbé e sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ oríkèé táyà wò, ó ti gbó. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Èmi ní sùúrù. Hafeez kò ní. Kí n tó ti ọjà dé lọ́jọ́ Jímọ̀, Kabir tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ti gé páìpù, wọ́n ti fi sí i. Mo bá mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àyà sókè bí àkùkọ.

"Màámi, ẹ wò ó. Ta ló tún máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ṣé Saifudeen ti rí i?"

"Ó ti rí i, Màámi."

Kò purọ́. Saifudeen rí i lóòótọ́ nígbà tó ń ti mọ́sálásí bọ̀. Ohun tó sọ ni ọmọ mi kò sọ fún mi. Saifudeen ní wọ́n ti gbé e ga jù, pé oríkèé tó gbó yẹn lè já, kí ó má gbé mọ́tò náà jáde kí òun tó tú u wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àníkẹ́, ìyá ọkọ mi, ní òun máa bá wa dé Ìresà lọ kí àbúrò òun. Iwájú ni àgbà ń jókòó. Èmi ti gun ẹ̀yìn láàárín àpò àti okùn. Hafeez di ilẹ̀kùn mú, kò ṣí i.

"Ìyá, ẹ ò ṣe wọ bọ́ọ̀sì? Ara ò ní ro yín."

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Ọkọ mi ní mọ́tò, kí n máa wọ bọ́ọ̀sì kiri? Àbí mo ti wúwo ju iṣu lọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Hafeez la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo rí i. Mo rò pé oorun ni. Ó padà sọ fún mi pé ojú ló ti òun. Mọ́tò tí òun fi yangàn lánàá, báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ fún àgbà pé kò ṣeé wọ̀? Ó ṣí ilẹ̀kùn.

A lọ ire. A kó iṣu. Nígbà tí à ń bọ̀, a ti kọjá Takie, a ti ń jáde nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Kòtò kan wà lọ́nà, kò tóbi. Mo gbọ́ gbà. Táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, lápá ọ̀dọ̀ Ìyá, tẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. A kúrò lójú ọ̀nà, a lọ kọlu igi. Iṣu dà lé mi lórí.

Ìyá ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé wa dé ọsibítù. "Ọkọ mi ńkọ́? Ṣé kò fara pa?" Mo ní Hafeez kò fara pa. Kò tún bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Kí wọ́n tó kírun alásàárì, ó ti kú.

A gbé e wá sí Ọ̀yọ́, a sin ín. Àwọn èèyàn ń kí wa. "Ẹ dúpẹ́. Arúgbó ni, ó ti tó àsìkò." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni Hafeez dìde láàárín àwọn ààfáà.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Saifudeen kìlọ̀ fún mi. Mo mọ̀, mo dákẹ́, mo ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Saifudeen fi ọwọ́ bo ojú.

Ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Ó mú èsì wá fún mi. Ẹni tí ì bá jó nínú ilé kò sí mọ́. Títí di òní, tí nǹkan bá dún gbà lójú títì, màá di ohun tó bá wà nítòsí mú.

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Hafeez dákẹ́, ti ìyá rẹ̀ àgbà ló bá a dákẹ́. Kíki àgbà, gbígba ẹrù lọ́wọ́ wọn, fífi wọ́n síwájú, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ̀ pé ewu wà níwájú yẹn, ẹ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ kí wọ́n bínú, ìbáà jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ìtìjú máa ń kọjá lọ.