Owú Lórí Òdòdó Olóògbé

Òjò Oṣù Kọkànlá ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Cuthbert Raine kọ́kọ́ rí Hester Coulthard. Obìnrin náà dúró nínú oko kékeré kan lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè, ó na agboòrùn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òdòdó ló fi ń bò. Omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ bọ́ sí ọrùn, òdòdó pupa rúsúrúsú náà sì gbẹ láìsí ẹ̀kán òjò kan lára.

"Ìyáàfin," ni Cuthbert wí, "òtútù á mú yín o."

"Òun ni òtútù ò gbọdọ̀ mú. Èmi ní kóòtù."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọkàn Cuthbert ti lọ nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìtàn òdòdó náà. Norris, ọkọ Hester tó ti dolóògbé, ló tọ́ ọ jáde fúnra rẹ̀. Irú rẹ̀ kò sí lóko ẹlòmíràn. Kirisántímọ́mù ni, èyí tó máa ń pẹ́ tanná, tó máa ń dúró títí gbogbo òdòdó yòókù á fi kú. Ní abúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í fi èéhù òdòdó tó dára jù lọ lóko rẹ̀ tọrẹ.

Ìfẹ́ wọn gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Hester a gbé kéèkì wá, Cuthbert a se tíì nínú ahéré oko òdòdó tirẹ̀ tó wà nítòsí. "Cuthie mi" ni obìnrin náà ń pè é. Ṣùgbọ́n bí Cuthbert bá ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀, Hester a bojú wo òdòdó, a ní: "Norris kì í bomi rin ín lọ́sàn-án." "Ká ní Norris ni, á ti dè é mọ́ igi."

"Òkú lò ń bá dupò," ni Ruddick tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Òkú kì í sì í ṣàṣìṣe, ọ̀rẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Cuthbert lára bí ẹ̀gún.

Lọ́dún kẹta, ìjì wó ilé dígí tí Hester fi ń dáàbò bo òdòdó lọ́wọ́ òtútù. Bí òdòdó ti rọ tán, ìròyìn dé pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣubú ní etíkun, ó sì kán lẹ́sẹ̀. Hester di Cuthbert lọ́wọ́ mú.

"Bá mi gé wọn nílẹ̀, kí o hú gbòǹgbò wọn, kí o kó wọn sí ilé dígí rẹ kí ìrì dídì tó dé. Mi ò ní irú mìíràn láyé, Cuthie."

"Lọ fọkàn balẹ̀, olùfẹ́."

Cuthbert hú àwọn òdòdó oko tirẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara wọn, ó tò wọ́n sínú àpótí títí ilé dígí fi kún. Ti Norris wà nílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ó di ọ̀la. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run mọ́ kedere, atẹ́gùn sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Gbogbo olóko ló mọ ohun tí ìyẹn ń wí: ìrì dídì yóò bọ́ lóru náà. Ó jókòó sílé, tíì rẹ̀ ń tutù. Bí ìrì dídì bá pa wọ́n, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Norris yóò wá kú tán, Hester yóò sì wá wo ojú òun.

Nígbà náà ló rántí agboòrùn. Obìnrin tó fi orí ara rẹ̀ gba òjò nítorí òdòdó kan: kí ni yóò kù fún un?

Ó gbé ṣọ́bìrì, ó sáré. Ilẹ̀ ti ń le. Ó hú gbogbo rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún wọn. Ó wo àwọn àpótí tirẹ̀, àwọn funfun ńláńlá tó ń gba ipò kìíní níbi ìdíje òdòdó. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn síta.

Oṣù Kejì ni Hester padà. Èéhù tútù ti yọ lára gbòǹgbò Norris.

"Tìrẹ dà, Cuthie?"

"Ìrì dídì ti pa wọ́n. Àyè ò gba méjèèjì." Ó tẹrí ba. "Má yìn mí o. Mo fẹ́ kí ti Norris kú. Mo fi wọ́n sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó bọ́. Mò ń jowú òkú, Hester."

Hester bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ nìkan kọ́! Títí Norris fi kú ni mo fi ń jowú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Oúnjẹ rẹ̀ á tutù sórí tábìlì, ọ̀dọ̀ wọn ni á wà. Nígbà tó lọ, mo ní bóyá bí mo bá tọ́jú wọn, màá rí ohun tó ń rí lára wọn."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí ẹnì kan tó gbé tirẹ̀ síta sínú òtútù."

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé èéhù tó lágbára jù, ó gbìn ín sínú ìkòkò kékeré, ó sì gbé e lé Cuthbert lọ́wọ́.

"Èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi tọrẹ, Hester."

"Ta ló ń tọrẹ? Inú ilé kan náà ni a ó jọ máa gbé. Àbí o fẹ́ kí n máa wá kí i láràárọ̀ bí àlejò?"

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí òdòdó náà tún tanná. Bí ìsìn ti parí, Cuthbert mú èyí tó tóbi jù lọ lára wọn, ó gbé e lọ sórí ibojì Norris, ó sì dúró níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ṣùgbọ́n kò kán sí i lórí. Ó bojú wẹ̀yìn. Hester ló na agboòrùn bò ó. Omi sì ń ṣàn láti orí obìnrin náà bọ́ sí ọrùn.

"Sún mọ́ mi, jàre," ni Cuthbert wí, ó sì fà á wọlé sábẹ́ agboòrùn. "Ó gba àwa méjèèjì."