Ọmọge Tó Gba Kọfí Lẹ́nu Doña Eulalia

Ọwọ́ ni Nereida, tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn, kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ ńlá kan, tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀, gbé orí ìyá arúgbó kan sókè lórí ìrọ̀rí. Ọwọ́ kejì ń gbé ọmọrí fúláàsì tó kún fún kọfí lọ sẹ́nu ìyá náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lóògùn. Nereida ju tíréè oúnjẹ tó gbé wá sórí tábìlì, ó sáré, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọrí náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn!"

Kọfí dà sí i lọ́wọ́. Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò yọwọ́.

"Ta ló ní kó o gba kọfí lẹ́nu mi?" Ìyá náà, Doña Eulalia, ló sọ bẹ́ẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú kí ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò mú ìbínú kúrò níbẹ̀.

Nereida yíjú sí ọkùnrin tó di ọmọrí náà mú, ọmọ ìyá náà. "Ọ̀fun wọn kì í pa dé dáadáa mọ́ látìgbà tí àìsàn yìí ti dé. Ohun mímu tó bá ń ṣàn lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi, tíì, kọfí, gbogbo ẹ̀ la máa ń fi ìyẹ̀fun po kó ki kí wọ́n tó mu ún. Ẹ ò rí àwòrán yẹn ni?"

Àwòrán ife kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì, ìlà pupa sì dábùú rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

"Mo rò pé wọ́n ní ká má jí ife wọn gbé lọ ni."

Nereida ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣáà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Evaristo Luna lorúkọ ọkùnrin náà, bíríkìlà ni, ní ìlú Laredo níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá ń bọ̀ gan-an lòun náà ń dé. Ó ní ìyá òun lòun ń wá wò. Kò sí nọ́ọ̀sì kan tó gbà á gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn náà, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ béèrè orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kó sì wò ó mọ́ okùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, kí oúnjẹ ẹlòmíì má baà ṣe é léṣe. Nereida kì í fò ó, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ̀ bí ẹni mowó.

"Màmá, kí lorúkọ yín?"

"Orúkọ mi ò tíì yí padà láti àárọ̀."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ bi èmi náà," ni Evaristo wí látorí àga. "Evaristo Luna. Oṣù kejì ni wọ́n bí mi. Mi ò tíì láya."

"Mi ò bi yín léyìí tó kẹ́yìn yẹn."

"Mo fi ṣe èènì ni."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń pín tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí Evaristo fi di ẹyin àti ata wá láti ilé.

"Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi," ni Nereida sọ fún un. "Gbogbo ẹni tó ń wọlé tọ àwọn aláìsàn, abẹ́rẹ́ ló mú dání. Èmi nìkan ni wọ́n ń retí."

"Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń retí ẹ, ẹyinjú mi."

Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Àmọ́ láàárín àwọn èèyàn wọn, ọkùnrin kì í fúnra rẹ̀ tọrọ ìyàwó. Òbí rẹ̀ ló máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé àwọn òbí ọmọbìnrin. Bàbá Evaristo ti kú. Doña Eulalia nìkan ló kù, ó sì ti fárígá.

"Ọmọ tó ń fún mi lómi tó ń fà bí àtè? Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé wọn láé."

Oòrùn ìlú náà ò mọ aláìsàn yàtọ̀. Omi tútù ni ìyá ń bẹ̀bẹ̀ fún láàárọ̀ lálẹ́, ife kan péré, títí Evaristo ò fi lè fara dà á mọ́. Ó dá Nereida dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé omi kan sílẹ̀ fún wọn, kó o ṣe bí ẹni gbàgbé. Tó o bá ṣe é, wọ́n á fẹ́ràn ẹ. Wọ́n á lọ bá bàbá ẹ."

"Rárá, Evaristo."

"Nítorí tiwa."

"Rárá."

"Ọkàn ẹ mà le o." Ó yí ẹ̀yìn padà. Nereida ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ, omi lójú.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí Nereida ò sí níbi iṣẹ́, àbúrò ìyá gbé omi bàrà tútù wá láti ilé. Evaristo fúnra rẹ̀ ló di ife náà mú. Ìyá mu ún tán, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibà ti gbé e dè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń hó bí ìkòkò, àwọn dókítà sì ní kó má fi ohunkóhun kan ẹnu.

Kò sí oúnjẹ tí Nereida máa gbé lọ síbẹ̀ mọ́. Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Evaristo ò lè wo ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo fún wọn, Nereida. Ọwọ́ mi yìí ni."

Ọ̀rọ̀ tó lè sọ pọ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ńṣe ló fa àga, ó jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ náà mú. Bẹ́ẹ̀ ló ń wá lójoojúmọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá lajú, ó rí i.

"O wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Rárá, Màmá. Mo wá kí yín ni."

"Kí lo mú wá?"

"Mi ò mú nǹkan kan wá."

Ìyá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló pa ojú dé, ó sì sùn láìlé e jáde.

Ara rẹ̀ yá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi lè rìn pẹ̀lú ọ̀pá, kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀ tó dára jù, ó ní kí Evaristo wakọ̀ gbé òun lọ sílé Don Abundio Cantú, bàbá Nereida. Wọ́n jókòó. Don Abundio béèrè ohun tí wọ́n bá wá, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Àwọn èèyàn mi pọ̀," ni Doña Eulalia wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. Ohun tí mo bá tọrọ ni wọ́n ń fún mi, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n fi sin mí. Ọmọ yín nìkan ló wò mí lójú, tó ní rárá. Ọmọ tèmi ò mọ̀ ọ́n sọ. Tí mo bá kú, ta ló máa bá a sọ ọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Don Abundio yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

Ẹ̀rù ba Evaristo, nítorí ó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé ọmọbìnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sọ rárá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Nereida wí. "Mo fẹ́ ẹ."